Ìwé Ìrìbọmi fún Mọ́yọ̀ọ̀lá

Padova, Italy
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú òjò, ẹ kú àìrójú wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibí o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àga ni mo jókòó sí tí mò ń kọ̀wé yìí. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti rọlẹ̀? Olúbísí àbúrò mi sọ pé etí yín kò gba ohùn fóònù mọ́ rárá, pé lẹ́tà lẹ fẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi á máa kọ tèmi, Olúbísí á lọ tẹ̀ ẹ́ síwèé fún yín. Tí ẹ̀yin náà bá kọ tiyín, kó ya fọ́tò rẹ̀ kó fi ránṣẹ́ sí mi.

Kí n tó gbàgbé, ẹ ṣeun fún ìkíni tí ẹ ní kí Olúbísí fi ránṣẹ́ sí Mọ́yọ̀ọ̀lá lóṣù tó kọjá. Ó rẹ́rìn-ín títí. Bàbá, oṣù kejì la bí ọmọ yìí o, kì í ṣe oṣù kẹjọ! Àṣìṣe tí Màámi máa ń ṣe lọ́dọọdún kí wọ́n tó fi wá sílẹ̀ náà lẹ jogún yìí. Ọmọ-ọmọ yín kan ṣoṣo, ọjọ́ ìbí rẹ̀ sì ti dàrú mọ́ yín lójú.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé. Ẹ mọ̀ pé ó ti pé ọdún mẹ́rin tí Boaz ọkọ mi ti wà ní Leicester, ní Ìlú Ọba, tí èmi àti ọmọ ṣì wà níbí. Mọ́yọ̀ọ̀lá máa parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún tó ń bọ̀, ìgbà yẹn la sì fẹ́ kó lọ bá a. Ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún, kí oṣù kẹwàá yìí tó parí ni òbí ti gbọ́dọ̀ yan ilé ìwé girama tí ọmọ máa wọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tó wà nítòsí ilé Boaz, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́fà péré, ilé ìwé Ṣọ́ọ̀ṣì Ìlú Ọba ni, Church of England. Boaz ní wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ ìjọ nínú fọ́ọ̀mù. Orí mi dàrú, Bàbá. Ṣé ìjọ yín nìyẹn, ìjọ Áńgílíkà tí ẹ ṣe kátíkíìsì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n? Àbí ìjọ ìjọba ni? Mo bi Giulia tá a jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní casa di riposo, ó ní ohun tí òun mọ̀ ni pé ọba kan tó fẹ́ ìyàwó púpọ̀ ló dá a sílẹ̀.

Mọ́yọ̀ọ̀lá fúnra rẹ̀ bi mí nínú tram lánàá pé, «Mamma, ma noi di che chiesa siamo?» Ó ní ìjọ wo gan-an ni tiwa. Mo ní ìjọ Jésù ni. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò sì tẹ́ èmi náà lọ́rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ọmọ yín,
Bùsáyọ̀


Ìgbárá-Òkè
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024

Bùsáyọ̀ ọmọ mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo wọ agbádá mi, mo lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì láìjẹ́ pé agogo lù. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo lọ. Ọmọ tó sá kúrò nílé bàbá rẹ̀ ló ń béèrè ọ̀nà ilé yìí!

Bẹ́ẹ̀ ni, ìjọ wa ni. Àwọn ni ìyá, àwa ni ọmọ. Ìwé àdúrà wọn la túmọ̀ sí tiwa. N kò mọ Giulia, ṣùgbọ́n sọ fún un pé kó máa tọ́jú àwọn arúgbó rẹ̀, kó fi ọ̀rọ̀ ìjọ sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Mo mọ irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ dáadáa nítorí irú rẹ̀ ni mo lọ. Orin àti àdúrà láàárọ̀, àdúrà lọ́sàn-án, katikísímù lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á tẹ́ ọwọ́ gba ẹgba. Nítorí náà kí Mọ́yọ̀ọ̀lá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Kó mọ Àdúrà Olúwa àti Òfin Mẹ́wàá lórí, lédè Yorùbá. Olúbísí sọ pé èdè àwọn ará Ítálì ló fi ń dá ọ lóhùn. Ta ló fà á? Tún kọ̀wé sọ fún mi: ta ni bíṣọ́ọ̀bù ìlú tí ọkọ rẹ ń gbé? Ṣé ó ti lọ kí i?

Ṣùgbọ́n n kò ní ṣàì sọ èyí. Èmi ni mo gbé ọ lọ síbi omi ìrìbọmi nígbà tí o pé oṣù mẹ́ta. Nígbà tí o dé Padova, o kọ̀wé sí mi pé ìyẹn kò tó, pé pásítọ̀ rẹ ti rì ọ́ bọ inú agbada rọ́bà, nínú ilé ìkẹ́rùsí, pé ìyẹn gan-an ni ìrìbọmi. Nígbà tí o bí ọmọ, o ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ́n omi sí ọmọ rẹ lórí. Mo gbọ́. Màmá rẹ sunkún. Ẹni tó bá da omi síwájú ní ń tẹ ilẹ̀ tútù, Bùsáyọ̀. Ìwọ kò da tìrẹ. Mo kàn ní kí n rán ọ létí ni, n kò bá ọ jà.

Bàbá rẹ,
J. A. Adémilúyì


Padova
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú àdúrà, ẹ kú ìrìn ẹsẹ̀ tó ń dunni. Mo gba ìbáwí yín, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Mo ka lẹ́tà yín fún Boaz. Ó ní òun kò tíì rí bíṣọ́ọ̀bù kankan nínú ilé ìkẹ́rù tí òun ti ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù lálaalẹ́. Ó ní kò sí ẹgba níbẹ̀ o, olùkọ́ tó bá fi ọwọ́ kan ọmọ, ọlọ́pàá ló máa wá mú un. Ó tún ní òun rí àwọn ọmọ Mùsùlùmí tó ń wọ ẹnu géètì ilé ìwé náà láàárọ̀, pẹ̀lú ìborí wọn. Irú ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì wo nìyẹn? Èmi ò mọ̀, Boaz ò mọ̀, ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi.

Àmọ́ fọ́ọ̀mù náà kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ó béèrè bóyá wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún ọmọ, níbo, lọ́jọ́ wo, kí àlùfáà sì fọwọ́ sí i. Ará Nàìjíríà kan níbi iṣẹ́ Boaz sọ fún un pé ọmọ tí kò bá ní ìwé ìrìbọmi, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Mo dúró de Pásítọ̀ Ọmọ́níyì lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, ní capannone wa, ilé ìkẹ́rùsí tá a ti ń jọ́sìn ní àgbègbè àwọn ilé iṣẹ́. Wọ́n ní ọmọdé kò tíì lè ronú pìwàdà, nítorí náà kò lè ṣe ìrìbọmi, àyàfi tó bá pé méjìlá. Wọ́n ní ìwé tó wà lọ́wọ́ àwọn ni pé àwọn gbé e sókè síwájú Olúwa nígbà tó pé ogójì ọjọ́. Mo ní, Pásítọ̀, wọn ò béèrè gbígbé sókè. Wọ́n ní kí n lọ gbàdúrà. Ìyàwó wọn wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní ìjọ Áńgílíkà wà ní Turin. Mo pè wọ́n. Àlùfáà ibẹ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ní kí a máa wá jọ́sìn fún oṣù mélòó kan ná, pé ìrìbọmi kì í ṣe tòmátì tí wọ́n ń tà lọ́jà Porta Palazzo. Turin sí Padova, Bàbá, ó lé ní wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀ ojú irin, èmi sì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú méjì lóṣù.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ọ̀dọ̀ yín ni ìwé ìrìbọmi ìjọ wà ní gbogbo ọdún tí ẹ fi ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ gbogbo orúkọ sínú rẹ̀. A wá sílé pẹ̀lú Mọ́yọ̀ọ̀lá lọ́dún 2015, gbogbo ìjọ ló rí i. Tí ẹ bá kọ orúkọ rẹ̀ sí ọdún yẹn, ta ló máa mọ̀? Lẹ́yìn náà kí Fíkà, àlùfáà ìjọ yín, tẹ ìwé ẹ̀rí kan fún wa. Ẹ ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ọmọ yín ló ń bẹ̀ yín.

Bùsáyọ̀


Padova
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì. Olúbísí ní ẹ ka lẹ́tà mi, ẹ ká a, ẹ sì fi í sábẹ́ Bíbélì. Ṣé ara yín le? Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù yìí ni ilẹ̀kùn máa tì. Ẹ kọ nǹkan kan sí mi, ì báà jẹ́ èébú.

Bùsáyọ̀


Ìgbárá-Òkè
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2024

Bùsáyọ̀,

Ara mi le. N kò ní kọ ọ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ ìwé náà. Èèyàn wá bá mi kí n dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù nítorí iṣẹ́ ìjọba, mo kọ̀. Olóyè kan gbé ewúrẹ́ wá kí n kọ orúkọ ọmọ tó bí síta sí abẹ́ orúkọ ìyàwó ilé, mo ní kó fa ewúrẹ́ rẹ̀ padà. Ẹ̀yin ọmọ mi ń wo ewúrẹ́ náà bó ṣe ń lọ, Adélaní ẹ̀gbọ́n rẹ sunkún. Ṣé o rántí? Ìwọ tó rí gbogbo èyí lo wá ń sọ fún mi pé ta ló máa mọ̀?

Ohun mìíràn wà tí mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò tíì gbà á. Má bínú.

Bàbá rẹ


Padova
Ogúnjọ́, oṣù kẹwàá, ọdún 2024

Bàbá,

Mo rántí ewúrẹ́ náà. Mo ti mọ̀ pé ẹ jẹ́ olóòótọ́ kí n tó mọ ABD. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ mi, torí mo ti ń fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Tí Mọ́yọ̀ọ̀lá kò bá rí ilé ìwé tó wà lẹ́bàá ilé, wọ́n lè fi í sí èyí tó jẹ́ pé ọkọ̀ bọ́ọ̀sì méjì ló máa wọ̀. Òru ni Boaz fi ń ṣiṣẹ́, èmi náà máa wáṣẹ́ tí mo bá débẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí kò mọ ìlú, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tíì já gaara, ta ló máa mú un lọ? Boaz ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n fi í sí scuola media, ilé ìwé girama ìbẹ̀rẹ̀ níbí, kí a tún dúró ná. Ọdún kan á di méjì. Bàbá, mo ti ń dá sùn lórí ibùsùn fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tí Boaz wá lóṣù keje, ó béèrè ibi tí a ń kó ṣíbí sí nínú ilé ara rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo wá wọ ilé ìwẹ̀ lọ sunkún. Ẹ̀rù ń bà mí pé tá a bá tún dúró, kò ní sí ẹni tá a máa kó lọ bá mọ́.

Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé nítorí agbada rọ́bà yẹn ni? Ṣé ẹ ṣì ń fìyà rẹ̀ jẹ mí ni?

Bùsáyọ̀


Ìgbárá-Òkè
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2024

Bùsáyọ̀ ọmọ mi,

Kì í ṣe nítorí agbada rọ́bà. Jókòó kí o tó ka ìyókù.

Nígbà tí ẹ wá sílé lọ́dún 2015, ìwọ àti Boaz lọ sí Èkó fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìwé ìrìnnà, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ fún wa. Ní ọjọ́ kejì tí ẹ lọ, ara rẹ̀ gbóná láti àárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, gìrì mú un. Ojú rẹ̀ yí sókè, eyín rẹ̀ pa pọ̀, kò ké. Òjò ti rọ̀ láti àná, odò ti bo afárá, ọkọ̀ kò lè kọjá sí ilé ìwòsàn. Fíkà wà ní ìpàdé ní Àkúrẹ́.

Òfin ìjọ wa gbà pé bí ọmọ bá ń kú lọ tí àlùfáà kò sí nítòsí, onígbàgbọ́ tó bá wà níbẹ̀ lè ṣe ìrìbọmi fún un. Màmá rẹ mọ òfin náà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ní, «Bàbá Bùsáyọ̀, ẹ ṣe é.» Mo ní Bùsáyọ̀ ti kọ̀ ọ́. Ó ní, «Bùsáyọ̀ kò sí níbí. Èmi ni mo gbé ọmọ lọ́wọ́.»

Ife tí ọmọ fi ń mu omi ni mo fi bu omi nínú àmù. Mo dà á sí i lórí lẹ́ẹ̀mẹta, mo pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà ké. N kò sọ pé omi ló wò ó sàn o. Nígbà tí odò fà, Adélaní fi ọ̀kadà gbé ọmọ àti màmá rẹ lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́, ibà tó wà lára rẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ fi máa dé, àkàrà ló ń jẹ. A sọ fún yín pé ara rẹ̀ gbóná díẹ̀. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́.

Nígbà tí Fíkà dé, mo sọ fún un, mo kọ ọ́ sínú ìwé, ó fọwọ́ sí i. Fọ́tò ojú ewé náà ló tẹ̀ lé lẹ́tà yìí. Màmá rẹ ló dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń bẹ̀rù ọjọ́ tí o máa mọ̀. Nígbà tí o kọ̀wé pé kí n kọ orúkọ rẹ̀ sí ọdún 2015, mo ká ìwé rẹ, mo fi í sábẹ́ Bíbélì. O ní kí n pa irọ́ síbi tí òótọ́ ti wà. Ǹ bá sọ fún ọ pé mo ti bá ọ kọ ọ́, kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, kí o má sì mọ nǹkan kan títí ayé. Mo rò ó, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo rò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìwé ẹ̀rí wà lọ́wọ́ Fíkà. Lò ó. Bí o bá fẹ́ bínú sí mi, bínú, ṣùgbọ́n má bínú sí ẹni tó ti sùn.

Bàbá rẹ


Padova
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá, ọdún 2024

Bàbá,

Mo bínú. Mi ò ní fi oyin pa á. Ọmọ mi fẹ́ kú, ẹ sì wo ojú mi ẹ ní ara rẹ̀ gbóná díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí dókítà níbí béèrè bóyá gìrì ti mú un rí, mo ní rárá. Ọ̀rọ̀ omi pàápàá kéré sí ìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ya wèrè jù. Mo fi fọ́tò yín ránṣẹ́ sí Boaz, ó mú un dání lọ sí ilé ìwé náà nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn òbí. Obìnrin tó wà ní tábìlì wo fọ́ọ̀mù ọwọ́ rẹ̀, ó ní, «Ọ̀gá, ti ilé ìwé mìíràn lẹ mú wá yìí.» Ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì méjì ló wà nínú ìlú yẹn. Boaz gba fọ́ọ̀mù méjèèjì sórí fóònù lọ́jọ́ kan náà, ó sì ń ka ti èyí tó wà ní òpin ìlú lọ́hùn-ún láti oṣù kẹsàn-án. Ti ẹ̀bá ilé kò béèrè ìrìbọmi. Ọmọ tí ilé rẹ̀ bá sún mọ́ wọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú, ì báà jẹ́ Krìsìtẹ́nì, ì báà jẹ́ Mùsùlùmí. Boaz tọrọ àforíjì. Ó ti fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́ báyìí.

Nítorí náà mi ò nílò ìwé náà. Mi ò bá má béèrè, ẹ ò bá má sọ, mi ò bá sì má mọ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ èyí tí mo fẹ́ nínú ẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ ná.

Bùsáyọ̀


Ìgbárá-Òkè
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejìlá, ọdún 2024

Bùsáyọ̀,

Ó di ọ̀sẹ̀ méje. Ọyẹ́ ti dé. N kò béèrè nǹkan kan. Mo ní kí n kàn kí ọ pé ẹ kú ọdún, ìwọ àti ọkọ rẹ àti ọmọ. Ìyẹn náà ni.

Bàbá rẹ


Padova
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, ilẹ̀ gidi ni lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe àga.

Wọ́n gba Mọ́yọ̀ọ̀lá! Ìwé wọn dé lọ́jọ́ Ajé. Ilé ìwé ìṣẹ́jú mẹ́fà náà ni. Oṣù keje la máa kó lọ bá Boaz. Ó ti ra ṣíbí tuntun, ó sì ti ya fọ́tò ibi tó kó wọn sí ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ràn ẹ̀.

Lánàá mò ń to gbogbo ìwé wa sínú àpò kan, permesso di soggiorno tó jẹ́ ìwé ìgbélùú wa, ìwé ìbí, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo ti tẹ fọ́tò ojú ewé yín síwèé láti oṣù kẹwàá, mi ò sì tíì kà á dópin rí, nítorí ìbínú. Lánàá ni mo kà á. Mo rí orúkọ Màámi níbi ẹlẹ́rìí, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé wọn tó máa ń dẹ̀gbẹ́. Mo rí ọjọ́ tó wà níbẹ̀: ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹjọ.

Mo lọ wá fóònù mi àtijọ́, mo ki í bọ iná. Ohùn Màámi ṣì wà níbẹ̀. Ọdún 2016, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ: wọ́n kọrin fún un. Ọdún 2017, ọjọ́ kan náà. 2018. 2019. 2020, tí wọ́n ti ń wúkọ́. «Mọ́yọ̀ọ̀lá mi, òní lọjọ́ rẹ o.» Lọ́dọọdún ni mo ń fèsì pé Màámi, arúgbó ti dé, oṣù kejì la bí i. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, «Mo gbọ́, ṣáà gbé fóònù sí i létí.» Wọ́n jẹ́ kí n máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi kú, kí èmi àti ẹ̀yin má baà jà. Mo sunkún, Bàbá. Mo sun ẹkún tí mi ò rí sun nígbà tí wọ́n sin wọ́n tí mi ò lè wá.

Mọ́yọ̀ọ̀lá bá mi níbẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, gìrì, ife, odò tó kún. Ó gbọ́ ohùn Màámi lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ó ní, «Allora ne ho due.» Ó ní ọjọ́ òun di méjì nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló fi Yorùbá béèrè lọ́wọ́ mi, Yorùbá o, pé, «Ṣé omi yẹn tutù?» Mi ò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀.

Nítorí náà, tí oṣù kẹjọ bá dé, ẹ má fi iṣẹ́ rán Olúbísí. Ẹ pè wá fúnra yín. Ẹ pariwo sínú fóònù, àwa náà á pariwo padà títí ẹ ó fi gbọ́. Ẹ sọ fún un bóyá ó tutù. Mi ò tún ní sọ pé ọjọ́ dàrú mọ́ yín lójú.

Ọmọ yín,
Bùsáyọ̀